Omi ti ń fà ní Lọ́kọ́ja: ṣé kí n kó àwọn ọmọ padà sílé báyìí?

Ìyá Ìbejì (Adankolo)

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí oorun sùn láti ìjẹta.

Adankolo là ń gbé ní Lọ́kọ́ja. Lọ́dún 2022, òru ni omi ká wa mọ́lé. Mo pọn ìbejì kan, mo gbé èkejì sáyà, ọkọ̀ ojú omi la sì fi gba ojú títì tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo ṣe gbọ́ ìkìlọ̀ lórí rédíò lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dúró. Mo kó àwọn ọmọ, ìwé ẹ̀rí wa, ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti aṣọ díẹ̀, a gba ọ̀nà Ọbajánà wá sí Kàbbà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ọkọ mi ní tòun ò lọ. Ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó àwọn tí omi lé sí, kó lè máa yọjú sí ilé.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Yàrá kan ni èmi àti ọmọ mẹ́rin ń sùn. Ìyá ò sọ nǹkan kan o, wọ́n fẹ́ràn wa gan-an, ṣùgbọ́n mo ń rí bí gàárì ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú àpò. Àkọ́bí mi ò ṣe ìdánwò àárín táàmù. Ẹni tó gbé aṣọ ìgbéyàwó fún mi ń pè mí láràárọ̀.

Lánàá ni bàbá ìbejì pè pé omi ti kúrò nínú yàrá, pé ilé ìdáná ló kù. Ó ní ká máa bọ̀ ní Sọ́ńdè, torí àwọn olè ti ń fọ́ ilé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Kànga wa àti ṣáláńgá ò jìnnà síra. Apá ẹ̀yìn ilé, bíríkì amọ̀ ni. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ilé ti tó padà sí?

Ọmọ Ìjùmú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdúró o. Mi ò ní tàn yín, ẹ padà. Lọ́dún 2012, nígbà tí àwa fi máa dé, wọ́n ti ṣí páànù orí ilé wa lọ, wọ́n yọ ilẹ̀kùn méjì. Omi ò kó o. Èèyàn ló kó o.

Bàbá Ganaja

Àbúrò, mo gbọ́ ohun tí Ọmọ Ìjùmú sọ, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n páànù ṣeé rà.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí omi wa ṣe ń ṣe, torí ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyí. Lọ́kọ́ja ni Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Òjò lè dá lọ́dọ̀ wa kí oòrùn máa ràn, kí omi ṣì máa wú, torí pé ibi tó ti ń bọ̀ jìnnà. Ìsédò Kainji àti Jebba wà lórí Odò Ọya lókè, Shiroro wà lórí odò Kàdúná tó ń ṣàn wọnú Ọya. Ti Bẹ́núè, Lagdo ni, ní Kamẹrúùnù. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kún tí wọ́n ṣí i, àwa la máa rí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ ìsédò kan sí Dasin Hausa ní Adamawa tí yóò máa gba omi Lagdo sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ parí kí omi 2012 tó dé, wọn ò sì kọ́ ọ parí kí ti 2022 tó dé. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí débi pé mi ò fẹ́ sọ ọ́ mọ́.

Nítorí náà, pé omi kúrò ní yàrá lánàá, ìyẹn nìkan ò tó. Kí ọkọ yín ri igi mọ́lẹ̀ létí omi, kó fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan láì tún gòkè, tí rédíò ò sì kéde pé wọ́n ṣí ìsédò kankan, ẹ lè máa múra. Bó bá lọ sílẹ̀ lónìí tó tún gùn padà lọ́la, ẹ jókòó sí Kàbbà.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Kànga yẹn ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Omi tó wọ ilé yín ti gba inú ṣáláńgá kọjá kó tó dé inú kànga. Ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ ẹnu, ẹ má fi fọ abọ́ ọmọ. Lẹ́yìn omi ni onígbáméjì máa ń dé, ó sì lè pa ọmọdé láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò àrùn. Mo ń tún un sọ torí mo ti rí ìyá tó gbé omi mímọ́ gaara fún mi pé álọ́ọ̀mù lòun fi ṣe é, tí ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú mi. Ẹ sè é títí tí yóò fi máa hó kùtùkùtù, kẹ́ ẹ bò ó. Ti kànga, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè kí wọ́n wá da kúlórínì sí i ní ìwọ̀n tó yẹ. Wọ́n á gbọ́n ọn dànù, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á tún gbọ́n ọn kẹ́ ẹ tó lè lò ó. Títí dìgbà yẹn, ẹ ra omi.

Gàárì, ẹ̀wà, ìrẹsì, fúlàwà tí omi bá kàn, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Tìmùtìmù náà, ẹ gbé e jáde.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru bí omi ìrẹsì: lítà kan omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí iyọ̀ má pọ̀ jù. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe kẹ́ ẹ jókòó sílé máa fún un o.

Bíríkìlà Mọpà

Ogiri amọ̀ máa ń tanni. Ó lè dúró nígbà tí omi wà lára rẹ̀, kó wá wó nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn lẹ́yìn ilé yẹn. Kí ọkọ yín wo ìsàlẹ̀ ogiri, bóyá ó ti ń ṣí bí àkàrà tó rin. Kó wo igun ilé bóyá ó là. Bí ilẹ̀kùn tó máa ń tì dáadáa ò bá tì mọ́, ó lè jẹ́ omi ló wú igi rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ilé ló ti yẹ̀. Kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n wá wò ó. Ti iná, kó má tan ohunkóhun títí oníṣẹ́ iná á fi yẹ wáyà wò, kódà bí ara ògiri bá ti gbẹ lójú.

Ìyá Houston, ọmọ Ìyàgbà

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Ibi tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà, ìjì líle tí wọ́n ń pè ní hurricane ló ń lé wa. Lọ́dún 2005, Katrina ṣẹ̀ṣẹ̀ ba New Orleans jẹ́ ni Rita tún ń bọ̀. Gbogbo Houston sá lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀nà dí, àwọn kan lo ogún wákàtí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mọ́tò nínú ooru, epo tán lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ èèyàn kú kí ìjì náà tó débì kan. Bẹ́ ẹ ṣe tètè jáde yẹn, ẹ̀yin lẹ gba ẹ̀mí àwọn ọmọ yín là. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ya ojo.

Harvey ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló wọlé wa. A kò kó àwọn ọmọ padà. Èmi àti ọkọ mi la kọ́kọ́ lọ, lọ́sàn-án, a sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, a ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan àti ibi tí omi ga dé lára ògiri. Ẹ̀yin náà ẹ yà á. Bí wọ́n bá ń kọ orúkọ àwọn tí omi ba ẹrù wọn jẹ́, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín. A ṣí gbogbo fèrèsé, torí láàárín ọjọ́ díẹ̀ ògiri ti ń bu, dúdú dúdú, ọmọ mi tó ní ikọ́ fée díẹ̀ ló kù kó kú síbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀: ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Lẹ́yìn ìjì lọ́dọ̀ wa, èéfín rẹ̀ ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Ọmọ Ìjùmú

Mo gba ti Bàbá Ganaja. Kí ọkọ kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ dúró. Ejò náà wà o, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń sá sí. Ẹ mú ọ̀pá gígùn dání.

Ìyá Aláṣọ, Kàbbà

Ìyá Ìbejì, ṣé Kàbbà yìí lẹ wà tẹ́ ẹ dákẹ́? Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá lọ́la, kẹ́ ẹ rán aṣọ ìgbéyàwó yẹn níbẹ̀. Ti àkọ́bí, ẹ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó wà ládùúgbò yín sọ̀rọ̀ pé omi ló lé yín wá, kó máa jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú wọn. Lọ́dún 2022 wọ́n gba ọmọ àbúrò mi bẹ́ẹ̀.

Ti gàárì tó ń lọ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ yín fúnra yín. Dídákẹ́ yín lè máa dun àwọn náà.

Ìyá Ìbejì (Adankolo)

Mo sọ ọ́ fún wọn lálẹ́ àná. Wọ́n ní ta ló ń ka gàárì, pé kí n tó délé yìí àwọn nìkan ni wọ́n ń jẹun. Mo sunkún.

Bàbá ìbejì ti ri igi mọ́lẹ̀. Omi lọ sílẹ̀ ní àárọ̀, kò gùn padà ní ìrọ̀lẹ́. Ó wo ẹ̀yìn ilé, igun kan ti là, ó ti ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Òun àti àwọn ọkùnrin àdúgbò ti pín òru mọ́ ara wọn láti máa ṣọ́ òpópónà wa. A ò lọ ní Sọ́ńdè mọ́. Bí igi yẹn bá ń fi omi sílẹ̀ títí di Sátidé tó ń bọ̀, èmi nìkan ni mo máa lọ, n óò padà wá sùn ní Kàbbà.

Ìyá Aláṣọ, mò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá ní bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún tí mo lè yá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà 39 ni mò ń wọ̀.