“Ọlọ́pàá àpapọ̀”: àpapọ̀ wo ni ẹ ń wí?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín.

Arákùnrin wa kan fi àròkọ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, ó fi ètò ọlọ́pàá Nàìjíríà wé ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì túmọ̀ Police républicaine, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ fún ọlọ́pàá wọn, sí “ọlọ́pàá àpapọ̀”. Mo gbádùn àròkọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Àlàyé tirẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ méjì ni wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan. Òótọ́ ni. Títí di ìparí ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìgboro wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, àwọn jandáámù tó ń ṣọ́ ìgbèríko, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun, sì wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ààbò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018, ìjọba Patrice Talon da àwọn méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ “àpapọ̀” ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá? Ọ̀rọ̀ náà ti lọ́kọ. Ẹni tó bá ka “ọlọ́pàá àpapọ̀” yóò rò pé Bẹ̀nẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń dá ṣe ìjọba, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka méjìlá tó wà níbẹ̀, ìjọba kan náà ní ń yan ẹni tí yóò máa ṣojú rẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwa tí a ní ìpínlẹ̀ 36 ni a ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo, àwọn tí wọn kò ní ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì fi ọdún gbọọrọ ní méjì. Àwọn òyìnbó ló pa ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1930. Abala 214 nínú òfin ọdún 1999 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ọlọ́pàá mìíràn sílẹ̀ níbikíbi lórílẹ̀-èdè, débi pé Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà wa gbé kalẹ̀ ní 2020 kò lè jẹ́ orúkọ yẹn, ohun yòówù kí ó máa ṣe. Gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ abala 215 fún kọmíṣọ́nnà náà láyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi Ààrẹ léèrè. Bí “ọlọ́pàá àpapọ̀” bá yẹ ẹnikẹ́ni, tiwa ló yẹ.

Ẹlòmíràn ní kí a kúkú pè é ní “ọlọ́pàá olómìnira”, nítorí pé “olómìnira” ni a fi ń túmọ̀ République. Ọlọ́pàá olómìnira kẹ̀? Ọlọ́pàá tí ẹnikẹ́ni kò lè mú ni yẹn!

“Àdàpọ̀” ni èmi fara mọ́. Ohun tí a pa pọ̀ ṣì ṣeé kà níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n omi méjì tí a dà pọ̀, kò sí ẹni tí yóò tún yà wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ó jọ àdàlù. Ẹ̀wà àti àgbàdo inú àdàlù ṣì dá yàtọ̀ lójú, nítorí náà ẹ má fi “lù” bá mi jà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú “kọmíṣọ́nnà” náà. Commissariat ní Pọ̀bẹ́ tàbí ní Kétu ti Bẹ̀nẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá lásán ni, ẹni tó sì jẹ́ commissaire kò tó ẹni tí gbogbo ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Dípíò tiwa ló sún mọ́ olórí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀. Arákùnrin wa túmọ̀ rẹ̀ sí kọmíṣọ́nnà, ó sì sọ ọ̀gá àgọ́ di ọ̀gá ìpínlẹ̀.

Ní ti ẹni tó kọ ọ́ pé “pa” inú pípa ènìyàn ló bí ọlọ́pàá, mo mọ ohun tó ń bí i nínú, ṣùgbọ́n ohùn kò gbè é. Oní àti ọ̀pá ni: ọlọ́ọ̀pá. Nígbà tí a pa fáwẹ́lì ọ̀ jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ, ó bọ́ sórí “pa”, ó sì di “pàá”. Ẹni tó ń kọ “ọlọ́pa” ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ó ku orúkọ tí a ó máa pe jandáámù ní Yorùbá. “Ọlọ́pàá-ológun” ti jẹ́ orúkọ àwọn tó ń mú sójà tó ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún wọn. Bàbá wa kan dá “akọ́dà” lábàá, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n akọ́dà ni bàbá tó bí bàbá mi ní Ṣakí, lábẹ́ ọba àti ìgbìmọ̀ ìlú, kì í ṣe lábẹ́ ọ̀gágun kankan. Irú ọlọ́pàá ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ológun tó dé ní 1966 bẹ̀rẹ̀ sí tú ká. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi ni mo ṣe ń kọ ọ́: idà ni wọ́n ń kọ́, akọ́dà. Akọ́dá tí a ń dárúkọ pẹ̀lú Aṣẹ̀dá nínú ìjúbà Ifá, ohùn òkè ló parí tirẹ̀, kò bá wọn tan. Ẹni tó ní kí n yọ àmì abẹ́ ọ kúrò, kí n máa kọ “akódà”, kí ó sọ fún mi irú ìṣe wo ni “kó” ń ṣe sí idà níbẹ̀.