Eyín tí a ti fi kúrọ́ọ̀nù bò tún ń dùn mí: ṣé dandan ni kí wọ́n ṣí i?

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ó di ọdún 4 báyìí tí wọ́n ti fi kúrọ́ọ̀nù bo eyín ẹ̀yìn mi kan ní ìsàlẹ̀, kò sì yọ mí lẹ́nu rí títí di oṣù tó kọjá. Nísinsìnyí, bí mo bá mu ògì gbígbóná, ìrora náà a máa pẹ́ kó tó lọ, ó sì ń jí mi lóru. Dókítà eyín tí mo lọ bá ní Àjàṣẹ́ sọ pé iṣan inú eyín náà ló ń kú, pé òun yóò gba orí kúrọ́ọ̀nù lu ihò láti fọ inú gbòǹgbò rẹ̀. Owó kékeré kọ́ ni mo fi ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n kúkú yọ eyín náà. Kí ni ẹ rí sí i?

Dókítà eyín kan, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìrora o, ìyá wa. Kúrọ́ọ̀nù dà bí fìlà tí a dé fún eyín. Bí a kò bá ti yọ iṣan inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣì wà láàyè lábẹ́ fìlà náà, ihò ńlá tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú àti gbígbẹ́ tí a gbẹ́ eyín kí kúrọ́ọ̀nù tó wọ̀ ọ́ sì lè mú kí ó kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í ṣí kúrọ́ọ̀nù. A ó fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìrora, a ó fi rọ́bà fẹ́lẹ́ yí eyín ká kí itọ́ má baà wọ̀ ọ́, a ó wá lu ihò kékeré lórí rẹ̀. Eyín ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń ní gbòǹgbò 2, pẹ̀lú ojú ọ̀nà 3 tàbí 4 nínú wọn. A ó fi irin tín-ín-rín ha ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó fi oògùn tó jẹ́ ẹbí omi Javel (bleach) fọ̀ ọ́, a ó sì fi gutta-percha, irú rọ́bà kan, dí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé àwòrán ráádíò (X-ray) kì í fi ohun tó wà lábẹ́ irin kúrọ́ọ̀nù hàn. Bí kòkòrò bá ti jẹ eyín lábẹ́ etí kúrọ́ọ̀nù, tàbí tí kúrọ́ọ̀nù bá ti ń mì, ṣíṣí i ló dára jù, torí pé bí itọ́ bá ń ráyè wọlé, iṣẹ́ náà yóò já sí asán. Èyí gan-an ni kí ẹ béèrè.

Ọmọ Ọlọ́jà, Àjàṣẹ́:
Kúrọ́ọ̀nù tèmi jẹ́ tánganran. Dókítà ti sọ ṣáájú pé ó lè sán, etí rẹ̀ kan sì sán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dí i pọ̀ mọ́ ihò náà, mo sì ń fi jẹun títí di òní.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ má ra oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) lọ́jà láti fi sún ọjọ́ síwájú. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrora náà lọ, mo rò pé mo ti gbádùn, àṣé iṣan náà ló ti kú tán; lẹ́yìn oṣù díẹ̀, eéwo yọ ní ìdí eyín náà. Oògùn kò lè dé inú eyín tí ẹ̀jẹ̀ kò sàn dé mọ́. Wọ́n yọ ọ́ níkẹyìn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ sí àlàfo náà.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pe dókítà mi, mo sì béèrè ọ̀rọ̀ etí kúrọ́ọ̀nù náà. Ó ní kò mì, pé òun yóò yẹ etí rẹ̀ wò yí ká kí òun tó lu ihò, bí òun bá sì rí ibi tí kòkòrò jẹ, òun yóò pè mí sí i kí òun tó ṣí i. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa wọkọ̀ gba Pọ́bẹ̀ lọ bá a.