Ta ló mọ bí ẹnì kan ṣe lè yí aláìsàn padà lóru?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú àgbàlagbà tí kò lè dìde mọ́ nílé. Wákàtí 2-2 la ń yí Màmá padà, kí ìdùbúlẹ̀ sójú kan má baà dá egbò sí wọn lára: ìrọ̀rí kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín orúnkún, ọ̀kan lábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má baà kan fóòmù. Ẹni 2 ló ń fi aṣọ gbé wọn. A kì í wọ́ wọn, torí wíwọ́ ló ń bó awọ. Síbẹ̀, òkè ìdí ti dúdú sí i, ó gbóná, ó sì le. (Awọ dúdú kì í pọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé.) Egbò ti ń bọ̀ nìyẹn. Lóru, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bẹ nílé. Ṣé fóòmù alátẹ́gùn lè jẹ́ ká sùn ju wákàtí 2 lọ? Báwo lẹnì kan ṣe ń dá yí wọn láìwọ́ wọn?