Ṣé "àsọtẹ́lẹ̀" ni ká pè é, àbí "ìfojúdíwọ̀n"?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Kétu ní kí a máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń ṣírò bí ikọ̀ bọ́ọ̀lù yóò ṣe kọlù àti bí yóò ṣe dí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà kòmẹsẹ̀-ó-yọ, níbi tí ẹni tó bá pàdánù ti ń lọ sílé, ní "àsọtẹ́lẹ̀". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá sọ tẹ́lẹ̀ ti ríran. Bí kò bá ṣẹ, irọ́ ló pa. Ọ̀rọ̀ wòlíì àti babaláwo nìyẹn.

Ẹ rántí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Íjíbítì lọ́dún 2019. Ọ̀mì ni Benin ta nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́: góòlù 2 la gbá wọlé, 2 ló wọlé wa. Mòrókò borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tiwọn, bọ́ọ̀lù kankan ò sì wọlé wọn. Ta ni yóò ṣírò ìyẹn tí kò ní mú Mòrókò? Nígbà tí a pàdé, Adilehou ló kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé, En-Nesyri dá a padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n fi kún ìṣẹ́jú 90 la wà tí wọ́n fún Mòrókò ní pẹnáritì. Níbi tí mo ti ń wò ó ní Ouando, ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi ti kọjú sí ògiri. Òpó ni bọ́ọ̀lù Ziyech bà. Igbe wa ló jẹ́ kí ọkùnrin náà yíjú padà. Nígbẹ̀yìn, pẹnáritì 4 sí 1 la fi lé wọn lọ sílé.

Ṣé òpùrọ́ wá ni ẹni tó ṣírò? Rárá o. Bó bá ní tí a bá gbá a nígbà 10, Mòrókò á borí nígbà 7, ìgbà 3 tó kù tiwa ni. Eré mẹ́ta sì kéré jù láti fi mọ agbára ikọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ "ìfojúdíwọ̀n" nìyẹn. Ìyá onígàrí wo àpò, ó ní agolo 40 ni. A wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 38. Kò sẹ́ni tó bá a jà.

Ẹ̀gbọ́n tún ní kí a pe agbára ikọ̀ láti gbá góòlù wọlé ní "ìkọlù", kí a sì pe agbára rẹ̀ láti má jẹ́ kí góòlù wọlé rẹ̀ ní "ìgbèjà". Lórí "ìkọlù", mo gbà fún yín. Àmọ́ "ìdènà" wù mí ju "ìgbèjà" lọ: ènìyàn là ń gbèjà, bọ́ọ̀lù là ń dènà. Ìkọlù ikọ̀ kan la sì ń gbé lé ìdènà ikọ̀ kejì nínú ìṣirò náà, ó yẹ kí orúkọ méjèèjì bára mu.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó bá dúró lẹ́bàá oko, tó fojú wò ó, tó sì sọ iye ebè tó wà níbẹ̀, kí ni àwọn àgbà yín ń pe ohun tó ṣe? Bó bá kúrú ju tèmi lọ, tiyín ni kí a mú.