Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa ọkọ̀ kékeré oníná rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Tíṣà, Àjílósùn, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Adó ni mò ń gbé, Ìkẹ́rẹ́ ni ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wà. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ àlọ rẹ̀ kò tó 20 kìlómítà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó epo ti ń bá mi pín owó oṣù, tó sì jẹ́ pé òun ló ń kọ́kọ́ mú tirẹ̀.

Àbúrò mi tó ń ṣòwò ní Guangzhou wá fi àwòrán ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi: Wuling Hongguang Mini EV. Gígùn rẹ̀ kò pé mítà 3, èèyàn mẹ́rin ló ń gbà, sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé ni wọ́n sì ń kì í mọ́ láti ṣáàjì rẹ̀. Nígbà tó jáde ní China ní 2020, 28,800 yuan ni wọ́n ń ta èyí tówó rẹ̀ kéré jù. Ọkọ̀ náà wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n àgbọ́sọ kọ́ ni mò ń wá. Ẹni tó ti wà á, tó ti gbé irú rẹ̀ gun òkè, tó ti fi iná ìlú wa níbí ṣáàjì rẹ̀, òun ni kó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ tiyín.

Alásè, Òkè-Ìlá, Adó

Àǹtí Tíṣà, ọkọ̀ tẹ́ ẹ rí nínú àwòrán yẹn gan-an ni mò ń wà. Tèmi ni èyí tí bátìrì rẹ̀ tóbi díẹ̀, tó ń gba yúnìtì 13 àti díẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó wọn wọlé ní Èkó ni mo ti rà á. Ẹ má fi iye tí wọ́n ń tà á ní China ṣírò o. Nígbà tí wọ́n fi máa ro owó ọkọ̀ ojú omi, owó ibodè àti èrè ẹni tó gbé e wá pọ̀, ó ti bá owó Corolla tòkúnbọ̀ tó mọ́ mu. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á tán lẹ máa tó mọ̀ pé ó dínwó.

Oúnjẹ ọ́fíìsì ni mò ń sè. Tó bá ti di ọ̀sán, kúlà ìrẹsì àti ti iyán á máa lọ sí sẹkitéríàtì, sí Fájuyì, sí Òkèṣà, sí àwọn báńkì. Kò sí èyí tó jìnnà nínú wọn. Ohun tó ń jẹ epo mi tẹ́lẹ̀ ni dídúró. Mo dúró de oníbàárà, mo dúró níbi tí maruwa àti ọ̀kadà ti dínà lẹ́bàá Ọjà Ọba, ẹ́ńjìnì ń kùn, epo ń lọ, ọkọ̀ ò sì kúrò lójú kan. Ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí, tó bá ti dúró, ó dákẹ́ nìyẹn. Bí mi ò bá tan AC, iná tó ń lò nígbà náà kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ owó. Orí ìlà Band A, ìyẹn ìlà tí wọ́n ń fún ní iná jù, ni ilé mi wà, bíi ₦209 ni mò ń ra yúnìtì kan. Bí mo bá rin 100 kìlómítà nínú ìlú, yúnìtì 11 ni mítà ilé máa ń kà, torí pé díẹ̀ máa ń ṣòfò bó ṣe ń ṣáàjì. ₦2,300 nìyẹn. Ọkọ̀ epo tí mo tà máa ń mu lítà 10 lórí ìrìn yẹn kan náà. Ká tiẹ̀ ní ₦900 ni lítà kan, ₦9,000 nìyẹn. Èyí tó ṣẹ́ kù ni mo fi ń ra gáàsì. Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì láti pààrọ̀, kò sí pọ́lọ́ọ̀gì, kò sí rédíétọ̀ tí yóò gbóná lọ́nà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó nìyí. Nínú ìwé, wọ́n ní tèmi á rin 170 kìlómítà. Pẹ̀lú AC, ẹrù àti òkè Adó, mi ò jẹ́ kí ọkàn mi kọjá 120. Táyà rẹ̀ kéré, ínǹṣì 12 ni, nítorí náà gálọ́ọ̀pù tí jíìpù ń gbà kọjá láìwẹ̀yìn, ẹ̀yin á rọra yà fún un. 100 kìlómítà ní wákàtí kan leré rẹ̀ mọ. Mi ò gbé e dé ọ̀nà Àkúrẹ́ níbi tí tírélà ti ń fìnnà mọ́ni lẹ́yìn, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde kò ní éábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tẹ́ ẹ máa ń gbé, ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó béèrè àwọ̀. Gbogbo ohun tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà ní èdè China. Ọmọ mi fi fóònù tú u fún mi, mo sì ti mọ̀ ọ́n lórí báyìí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mi ò ní fi pààrọ̀ ọkọ̀ epo mọ́. Àyè tẹ́nikẹ́ni ò rò pé ọkọ̀ lè wọ̀, mò ń wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ tí mo bá kúrò nílé, ariwo ò jí ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ara mi balẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, kò sì sí ọjọ́ tí mo jí tí mò ń ronú ìlà ilé epo.

Oníṣẹ́ iná, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n Alásè, ẹ ṣeun. Èmi ò ní ọkọ̀ kankan, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń pè tí ṣáájà bá kọ̀ tí kò gbé iná. Ohun tí mo sì ń bá pàdé kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọkọ̀.

Èkíní ni éàtì, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ṣáájà ọkọ̀ kì í dà bíi ti fóònù. Ó máa kọ́kọ́ yẹ éàtì ilé wò, bí kò bá rí i, iná pupa ni yóò tàn, kò sì ní fún ọkọ̀ ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ilé wa, wáyà éàtì kàn sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri lásán ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti já. Ní ilé oníbàárà mi kan, mo gbẹ́ ihò, mo ri ọ̀pá kọ́pà mọ́lẹ̀ dáadáa, mo fi èédú àti iyọ̀ yí i ká, mo fa wáyà tuntun lọ sí bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáàjì.

Èkejì, ẹ má fi ẹ̀sítéńṣàn ṣáàjì ọkọ̀. Ẹ̀rọ ìlọṣọ á gbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó yọ ọ́. Ọkọ̀ á fa iná ní gbogbo òru láìsinmi. Mo ti yọ orí púlọ́ọ̀gì tó ti dúdú, tó ti ń yọ́ kúrò lára ògiri. Ohun tí mò ń ṣe ni pé kí n fa wáyà 4mm láti bọ́ọ̀dù wá síbi tí ọkọ̀ ń dúró sí, kó ní bíréékà tirẹ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ ti 15 ámpíà, irú èyí tá a ń lò fún AC. Tí ṣáájà bá ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan ámpíà, ẹ fi sí 8. Yóò pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí Mini EV yóò fi kún.

Àwọn ìgbà míì, iná á wà lóòótọ́, agbára rẹ̀ ni kò tó. Láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ tí gbogbo ilé ń lò ó, ó lè wálẹ̀ débi tí ṣáájà á fi dúró. Ẹ jẹ́ kó di òru. Ẹni tí iná ìjọba kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, sólà ni kó rò. Pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì mẹ́fà, tí oòrùn bá là dáadáa fún bíi wákàtí mẹ́rin, yúnìtì 13 ni nínú ìwé. Ẹ yọ ohun tó ń ṣòfò, ẹ ó rí nǹkan bíi 10. Ìrìn ìlú 80 sí 90 kìlómítà nìyẹn láti ara oòrùn ọjọ́ kan. Kí ọkọ̀ sì wà nílé lọ́sàn-án ni o, tàbí kẹ́ ẹ ní bátìrì ilé tó lágbára. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí òjìji àpáta Olósùnta máa ń wọ́ sí kẹ́ ẹ tó kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé.

Ẹ dákun, wáyà aláwọ̀ ọsàn tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ ọkọ̀ oníná, ẹ má jẹ́ kí réwáyà tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Iná inú rẹ̀ ń pààyàn.

Awakọ̀ takisí, ọ̀nà EKSU

Èyí tí mo wà ni Nissan Leaf tòkúnbọ̀, ti ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe kékeré bíi ti Màmá Alásè, ṣùgbọ́n òun lẹ máa kọ́kọ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ Amẹ́ríkà, torí náà ẹ gbọ́. Ọkọ̀ náà ń fò. Tẹ́ ẹ bá tẹ ẹ́ nídìí òkè, kò dúró gba èémí. Bátìrì ló dà mí láàmú. Irú Leaf tòkúnbọ̀ yẹn kò ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára, ooru sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìlà kéékèèké 12 ló yẹ kó wà lójú mítà tó ń sọ bí bátìrì ṣe lera sí, ti ọ̀gá mi ti ku 8 nígbà tó rà á. Adó sí Ìfàkì ní àlọ àti àbọ̀, ojú mi kì í kúrò lára mítà yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra Leaf, kó ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kó gbé áàpù tó ń jẹ́ LeafSpy sórí fóònù, yóò rí bí bátìrì náà ṣe rí gan-an kó tó sanwó. Èyí tó bá jẹ́ pé bátìrì LFP, irú bátìrì lithium tó ní irin àti fọ́sífétì, ló wà nínú rẹ̀, bíi ti BYD, ó ń fara da ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí mo máa rà nìyẹn tí Ọlọ́run bá pèsè owó.

Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìjerò tó wà ní ilẹ̀ Faransé

Níbí, Citroën Ami ló pọ̀ lójú títì wa. Èèyàn méjì péré, 45 kìlómítà ní wákàtí kan, 75 kìlómítà kó tó tún nílò iná, wákàtí mẹ́ta ó ti kún. Ọmọ ọdún 14 lè wà á nínú òfin wọn. Ọmọ aládùúgbò mi gbé mi nínú tirẹ̀ lọ sọ́jà. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé dókítà àgbà ní ọsibítù wa ń wa irú rẹ̀ wá síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nílé, tí mo bá sọ fún bàbá mi pé irú rẹ̀ ni mo fẹ́ rà fún wọn, wọ́n á béèrè bóyá ọwọ́ mi ti há ni.

Alásè, Òkè-Ìlá, Adó

Nọ́ọ̀sì, òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n bi èmi náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mí níbẹ̀, torí mo mọ ohun tí mo ń san àti ohun tí mò ń jẹ́ kó kù fún àwọn ọmọ mi. Kòròpe àti maruwa ló ń gbé gbogbo wa láti ọjọ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó wo bó ṣe kéré tó nígbà tí òjò ń bọ̀.

Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. BYD Seagull ni ọmọ mi rà fún mi, èyí tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 38 àti díẹ̀. Ó ga lówó ju Mini lọ, 73,800 yuan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ èyí tó kéré jù ní 2023, ṣùgbọ́n ó ní éábáàgì, ó sì ń dúró lójú ọ̀nà. Ẹ mọ bí òkè wa ṣe rí. Tí mo bá ń ti Àrámọkọ bọ̀ wálé, ó ń mu iná, mi ò ní purọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ sí Adó, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, mọ́tò fúnra rẹ̀ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó ń dá iná padà sínú bátìrì. Mò ń rí i lójú mítà bó ṣe ń gòkè. Èmi tí mo ti ń fi bíréèkì sọ òkè yẹn láti ìgbà èwe mi, inú mi ń dùn sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ihò ṣáàjì àwọn tí wọ́n kó wá láti China yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. GB/T ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kó ṣáájà tirẹ̀ fún yín pẹ̀lú ọkọ̀.

Tíṣà, Àjílósùn, Adó-Èkìtì

Bàbá, ẹ ṣé o. Gbogbo yín, ẹ ṣé. Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó wá èyí tó ní éábáàgì, kó sì rí i pé ṣáájà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ti Ìkẹ́rẹ́ àti Adó kò béèrè ju Mini lọ, àwọn ọmọ mi méjèèjì tí mo máa ń gbé lẹ́yìn ló jẹ́ kí n tún máa wo Seagull. Oníṣẹ́ iná, ṣé ẹ máa ráyè wá wo éàtì ilé tí mò ń gbé lọ́jọ́ Sátidé?

Oníṣẹ́ iná, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Mo máa dé lọ́wọ́ àárọ̀, Àǹtí. Ẹ ti bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí n tó dé o, torí mo máa ṣí bọ́ọ̀dù mítà, mo sì máa gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé.