Bí ẹbí ṣe lè wúlò nínú ìtọ́jú aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ẹ̀ka àwọn alátọ̀gbẹ àti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Bí ẹbí bá tẹ̀ lé aláìsàn wọlé, ṣe ni wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ọgbọ́n wo ni ẹ ń dá sí i?

Èsì: Àbúrò mi, kọ́kọ́ rí aláìsàn náà lóun nìkan, kí o bi í léèrè ẹni tí ó fẹ́ kó gbọ́ nípa àìsàn rẹ̀ àti ibi tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ, kí o sì kọ ọ́ sínú fáìlì, nítorí pé ẹni tó sin èèyàn wá sílé ìwòsàn lè má jẹ́ ẹni tó fẹ́ fi inú hàn. Má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ òbí rẹ̀ o. Ohun tó bá tì í lójú, yóò fò ó ni.

Lẹ́yìn náà, yan iṣẹ́ kan pàtó fún ẹbí, kí wọ́n má baà sọ ara wọn di ọlọ́pàá. Bí aláìsàn bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, kọ́ wọn pé bí ṣúgà ara rẹ̀ bá wálẹ̀ ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ tó ń fi mg/dL kà, tàbí 4 lórí èyí tó ń fi mmol/L kà, kí wọ́n fún un ní gíráàmù 15 ṣúgà tó tètè ń wọra, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Bí ó bá ti dákú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Áńbúláǹsì ni kí wọ́n pè. Ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn tún gbogbo rẹ̀ sọ fún ọ. “Ó ti yé wa” kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun, mà. Ọmọ bàbá kan máa ń fẹjọ́ sùn mí pé bàbá kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé.

Èsì: Bàbá náà kò dá wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2003 pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà pàápàá, nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń tẹ̀ lé ìtọ́jú wọn bó ṣe yẹ. Bi í léèrè èyí tó ń ni ín lára nínú oògùn náà. Ó lè jẹ́ pé oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ ni ó ń lò lálẹ́, tí kò sì jẹ́ kó sùn. Dókítà lè sọ ọ́ di ti àárọ̀. Bàbá kì í sábà sọ irú èyí níwájú ọmọ, nítorí náà, gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó ṣàlàyé fún ọmọ náà.