Ta ló yọ “fi” kúrò nínú “àjọṣáájú ìwádìí”?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ọ̀gá wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn fi ránṣẹ́ lánàá síbi tí a ti jọ ń dá ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun fún iṣẹ́ ìmọ̀, inú mi kò sì dùn sí i. Wọ́n ń wá orúkọ fún ètò tí àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn, ìjọba àti àwọn tó ń náwó sórí ìwádìí fi máa ń fẹnu kò lórí iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. “Àjọṣáájú ìwádìí” ni wọ́n fún wa. Àwọn kan ti ń yìn ín. Èmi kò lè yìn ín.

Ẹ tú u wò. Ta ní í ṣáájú? Ẹni tó ń lọ níwájú ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe olórí ní aṣáájú. Bí mo bá sọ “àjọṣáájú” ní ọjà Kabba lọ́la, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé àwọn kan jọ ń ṣe olórí. Kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ pé a yan iṣẹ́ kan ká tó yan òmíràn. Iṣẹ́ kì í dìde fúnra rẹ̀ lọ síwájú, ènìyàn ló ń fi í ṣáájú. “Fi” yìí ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà, òun gan-an ni ọ̀gá wa sì gé dànù. Àfiṣáájú ló yẹ kó jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí “jọ” hàn níbẹ̀, àjọfiṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Òṣogbo ní “àfi” yóò máa dún bí “àyàfi” létí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dún nínú àfikún? Nínú àfihàn? Nínú àfiwé? Wọ́n tún ní ó gùn jù. Aláìníṣẹ́lọ́wọ́ ńkọ́, tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn lójoojúmọ́?

Kì í ṣe gírámà nìkan ni mo ń jà fún. Níbi tí “fi” bá wà, èèyàn lè béèrè pé ta ló fi í. Ní 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tí wọ́n fi àbùdá (jíìnì) kan láti ara bakitéríà Bacillus thuringiensis sí. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, wà lára àwọn tó ṣe é. Kòkòrò Maruca, tó ń ba òdòdó àti èèpo ẹ̀wà jẹ́ lóko, ni wọ́n fi ṣáájú. Iṣẹ́ ribiribi ni, mo sì gbóṣùbà fún wọn. Ṣùgbọ́n àbùdá náà kò ṣe nǹkan kan sí kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá wa tó ń tọ́jú ẹ̀wà de ọ̀wọ́n ní Ìsánlú àti Mọ̀pà, inú àpò ni wàhálà tiwọn wà. Ta ló fi ti oko ṣáájú ti àpò? Ìdí gidi lè wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí a dá gba ìbéèrè náà láyè.

Tàbí kẹ ẹ wo iṣu, tó jẹ́ pé Nàìjíríà ló ń gbin bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí gbogbo ayé ń kó. Ní 2017 ni àwọn onímọ̀ tẹ àtòjọ àbùdá iṣu funfun jáde. Ó wúlò, torí akọ iṣu wà, abo iṣu wà, ẹni tó ń mú wọn gun ara wọn kò sì lè dá wọn mọ̀ títí wọn yóò fi tanná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àgbẹ̀ Yàgbà, èbù ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: èbù tó wọ́n, èbù tó ti ní àrùn lára kó tó wọ inú ebè. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń ṣe àáró, tí wọ́n jọ ń ro oko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kì í gbé ọkọ́ kí wọ́n tó jọ sọ oko ẹni tí wọn yóò fi ṣáájú, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá sì ń sọ tirẹ̀ níbẹ̀. “Fi ṣáájú” ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kàwé.

Ẹnìkan wá kọ ọ́ síhìn-ín pé kí àwa ará Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, má kọ́ òun ní Yorùbá, pé èdè wa ti lú mọ́ ti àwọn aládùúgbò wa. Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, Yorùbá ni gbogbo wọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀ka-èdè tò wọ́n sábẹ́ Yorùbá Àríwá Ìlà-Oòrùn. Mo ń retí kó tọrọ àforíjì lójú gbogbo wa, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wa ará Ìbàdàn tún pe bàọ́tẹ́kì, ìmọ̀ fífi ohun ẹlẹ́mìí ṣe nǹkan tó wúlò, ní “ìmọ̀ ẹ̀rọ oníyè”. Ìyè wà, iyè wà. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń di nǹkan mú là ń pè ní oníyè, àmì ohùn ò sì lè gbà wá, torí oní bá pàdé ìyè tàbí iyè, ojú kan náà ló ń ní. Mo fara mọ́ “ìmọ̀ ẹ̀rọ ohun alààyè”. Bí ẹni kan bá ní èyí tó kúrú, kó gbé e wá.

Ní ti màmá wa olùkọ́ ní Ẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n fẹ́ “ìmọ̀ ewéko” dípò “ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn” torí pé ẹnikẹ́ni kì í gbin igi òrí àti igi irú tó kún igbó wa: òótọ́ ni wọ́n sọ nípa igi wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n létí tèmi, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ni ewéko. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ewéko ni igi irú?